Má Ṣí I Wò

Lálẹ́ àná ni mo da tíì gbígbóná lé wọn lórí,
èso àjàrà gbígbẹ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́ tí mo gé wẹ́wẹ́,
nínú abọ́ tí etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀.
Dọ́rììnì a máa sọ pé, "Má ṣí i wò. Lọ sùn."
Mo ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Yìnyín ń bọ́ lórí Halifáàsì,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn bí ológbò.
Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́,
àwọn tó hunjọ bí awọ ìgúnpá mi
ti mu tíì yó, wọ́n wú, ara wọn ń dán.

Ìyẹ̀fun ife méjì, ṣúgà ife kan, ẹyin kan ṣoṣo.
Kò sí bọ́tà. Mo bi í nígbà náà,
ó bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló rí bọ́tà lásìkò ogun?"
Ife rẹ̀ ni mo fi wọ̀n wọ́n,
èyí tí ọmọ rẹ̀ gbé fún mi lẹ́nu ọ̀nà
lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde.
Kò mọ ohun tí yóò sọ.
Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Wákàtí kan lé díẹ̀ nínú ààrò oníná.
Mo fi ọ̀bẹ gún un láàrin, ọ̀bẹ jáde ní gbígbẹ.
Ó ń ta sánsán sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn
títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀
tó ti di ti ẹlòmíì.

Ìbídàpọ̀ ọmọ mi ń fi èékánná yọ àjàrà
sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.
"Mọ́mì, wọ́n jọ kòkòrò."
Mo ṣà wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Tíì ṣì wà nínú wọn.