Àkọ́gbá

Mo gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù sókè bí ẹni fẹ́ ṣánko,
mo fi gbogbo agbára gbá afẹ́fẹ́.
Bọ́ọ̀lù kò mì; ó ń wò mí.
Akínmúrelé, ọmọ tó ń gbé àpò mi,
kọjú sí ọ̀nà Ìdànrè,
èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Bàbá, ẹ má bá a jà."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ní báńkì
ní òpópónà Ọba Adésidà, tí mò ń ka owó olówó.
Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kà
kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọ ihò: kó!

Dókítà ní kí n máa rìn.
Kò sọ pé ìrì Àkúrẹ́ á mú ṣòkòtò mi rin dé orúnkún,
pé orúnkún náà á gbàgbé láti ké.

Ìyàwó mi ní mo tún ti ń hanrun.
Ó ní kí n padà lọ lọ́la.