Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí wọlé ní aago mẹ́sàn-án,
ó gbé ìwé olójú-ewé mẹ́fà lé orí tábìlì mi.
"Ẹ bá mi fi àmì sí i, mà. Kò ní pẹ́."
Ogún ọdún rèé tí mo ti ń kọ́ ará Oǹdó bí a ṣe ń jẹun.
Kò ní pẹ́ lóòótọ́.

Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń bá aláìsàn kan sọ̀rọ̀?
Mo kọ mẹ́wàá. Irọ́ ni.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìlà bá gùn dé ìdí máńgòrò,
mẹ́rin ni, kí nọ́ọ̀sì tó kan ilẹ̀kùn.

Ṣé ẹ ní àwòrán tí ẹ fi ń kọ́ wọn?
Bẹ́ẹ̀ ni. Ápù wà níbẹ̀, àti ewé kan
tí èmi fúnra mi kò tíì rí lọ́jà rí.

Mo ń fi àmì sí i lọ, wéré wéré,
títí mo fi kan ìbéèrè kẹtàdínlógún:
Ṣé aláìsàn yín lóye ohun tí ẹ kọ́ ọ?
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Àpótí kékeré méjì, bí ojú tó ń wò mí.

Bàbá Akínnúbi ló sọ sí mi lọ́kàn,
àgbẹ̀ kòkó láti ọ̀nà Bàgbè,
ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ òsì tó ń jó o bí iná.
Gbogbo ohun tí mo wí ló fi orí gbà.
"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni."
Àṣé bẹ́ẹ̀ ni tí àgbà ń wí
kí ojú má baà ti ọmọ aláṣọ funfun ni.
Nígbà tó máa fi padà wá, ṣúgà ara rẹ̀ tún ti gòkè.
"Ẹ ní kí n dín ìrẹsì kù.
Èmi kì í jẹ ìrẹsì. Iyán ni mò ń jẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀:
Fẹ̀yíṣarà, ìyàwó rẹ̀, wà lórí bẹ́ǹṣì,
báàgì oògùn lórí itan rẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ tí ọmọ odó ti sọ di awọ.
Ọdún kan ààbọ̀ ló ti ń sìn ín wá.
Kò sẹ́ni tó pè é wọlé rí.
Èmi náà kò pè é.

Ó wọlé, ó wo ìwé mi, ó da ojú rẹ̀ dé.
"Ẹ fi ọwọ́ hàn mí."
Mo di ìkúùkù.
Ó wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.
"Irú èyí mẹ́ta ni mò ń bù fún un. Ó máa bínú o."
Lọ́jọ́ náà, Bàbá kò wí bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ó jẹ́ kí ọbẹ̀ pọ̀?"

Ọmọbìnrin náà ń wo aago.
"Ẹ kàn fi àmì sí ọ̀kan, mà."
N kò fi sí ìkankan. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé,
níbi tí wọn kò fa ìlà sí, mo kọ ọ́ wínníwínní:
Ẹ kọ́kọ́ bi wá pé, ta ló ń gún iyán?

Ó kà á. Ó tún un kà.
Ó ní kò síbi tí kọ̀ǹpútà máa gbé e sí.