Ewé Tó Pẹ́ Lára Ìwé

Lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
igi òpèpè kan wà tó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.
Aládùúgbò ní kí n gé e:
"Bí ìjì bá wó o, páànù mi, ta ni yóò san án?"
N kì í dá wọn lóhùn.
Bàbá bàbá mi ló gbìn ín, Odùnúgà,
tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún ru pákó fún Òyìnbó Jáwéjáwé.

Pákó méjì ni, ìgbànú awọ yí i ká,
ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún àárín rẹ̀.
Ayé ti yí: ewé ló ń wé ẹ̀kọ,
ìwé ló wá ń wé ewé.
Ìdájí ni wọ́n ń wọ igbó Ọmọ.
Òyìnbó á nàka sókè,
Bàbá á gùn ún, á já ẹ̀ka tó ní òdòdó,
á jù ú sílẹ̀, á pe orúkọ rẹ̀:
afàrà, ìdígbó, abùrà.
Òyìnbó á kọ ọ́, á wá fi Látìn lé e lórí
bí ẹni ń dé fìlà fọ́mọ ọlọ́mọ.
Lálẹ́, wọ́n á dáná, wọ́n á máa pààrọ̀ ìwé tó tutù
kí ewé má baà bu.

Ó sọ fún ìyá àgbà, Efúnyẹmí:
"Ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ, ó dọṣẹ.
Eléyìí tó pẹ́ lára ìwé, á dìwé, wọ́n á sì máa kà á."
Ìyá àgbà ní, "Ṣé wọ́n á ka ìwọ náà?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó da omi sí gárì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti gárì yẹn.
Àwa tí à ń fi gárì Ìjẹ̀bú yangàn,
ta ló rántí pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé ẹ̀gẹ́ wá?
Àgbàdo wọkọ̀. Kòkó wọkọ̀,
ó dé, ó bá obì nílé, ó ní kó sún díẹ̀ fóun.
Ìbẹ́pẹ tó ń hù lákìtàn bí ọmọ onílẹ̀, àlejò ni.
Tiwa náà sì ń lọ:
èso òpèpè nínú agolo tábà,
àfòmọ́ olódòdó tí wọ́n fi èèpo igi wé,
wọ́n lọ jókòó sínú ilé gíláàsì nílùú òtútù,
wọ́n ń dáná yá wọn bí ìyá ìkókó.

Kí Òyìnbó tó lọ, ó fún Bàbá ní igi òdòdó mẹ́ta.
Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ní nígbà yẹn:
ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àgbo.
Bàbá ṣe ọgbà yí tirẹ̀ ká. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín:
"Odùnúgà ń bomi rin ohun tẹ́nu ò jẹ!"
Ó gbin òpèpè inú igbó ti òdòdó àjèjì,
ó ní kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi Adétọ̀míwá fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi
láti ilé tí wọ́n ń kó ewé pamọ́ sí lókè òkun.
Ewé òpèpè. Ó ti pọ́n bí omi tíì.
Wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Wọ́n ṣi Ìjẹ̀bú kọ.
Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó já a,
ẹni tí kò gungi rí láyé ẹ̀!
Mo wá Odùnúgà títí ojú fi ń ro mí.
Ìgbà tí mo fa àwòrán náà tóbi
ni mo rí ìkó tó so páálí nọ́ńbà mọ́ ẹ̀ka:
kókó méjì, ìrù kan tó ṣẹ́rí padà.
Hẹ̀n-ẹ́n! Kókó tó fi ń so ìtàkùn ewùrà mọ́ ọ̀pá.
Kókó tó fi so mí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́
lọ́jọ́ tí ibà gbé mi dè.

Mo ya páálí bisikíìtì, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ODÙNÚGÀ.
Mo fi ìkó so ó mọ́ òpèpè, bó ṣe máa ń so ó.
Kílẹ̀ tó ṣú, ewúrẹ́ ìyá Ṣẹ̀gilọlá ti jẹ páálí tán.
Ó ku kókó.