Okùn Ẹsẹ̀ Bàtà Méjìlá

Iná tún ti lọ ní gbogbo Ìbarà.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì ti ìwé ìṣirò ọmọ mi,
Fadérera, ọmọ ọdún méjìlá,
tó ń sùn, tẹ́nu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè.
Sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná mi.
Yàrá méjì ni mo lẹ táìsì sí lónìí, ẹ̀yìn ń ro mí,
ṣùgbọ́n ìwé náà ò jẹ́ kí n sùn.

Ìdá ló fi bẹ̀rẹ̀.
Tíṣà ní ìdá mẹ́jọ kéré sí ìdá mẹ́ta.
Mo rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́jọ la jọ ń pín búrẹ́dì kan
nílé ìyá wa ní Àdàtán, èmi ni àbíkẹ́yìn,
èèpo ẹ̀yìn búrẹ́dì ni tèmi.
Ta ló fẹ́ kọ́ mi nìyẹn?

Ní ojú ewé kẹsàn-án, ó fa ìlà gbọọrọ kan,
òdo jókòó sáàárín bí onílé,
ọ̀tún ń pọ̀ sí i, òsì ń wọ ihò lọ.
Fadérera fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́:
báwo ni nǹkan ṣe lè kéré ju òfo lọ?
Ọmọ mi, lọ bi Àlàájà Múlíkátù,
tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Lafẹ́nwá.
Láti oṣù Ẹrẹ̀nà ni mo ti ń gbé apá òsì òdo.

Lánàá ni mo ní kó ka ení, èjì fún mi dé ogún.
Ó sáré dé ẹẹ́rìnlá, ó dúró bí ewúrẹ́ tó kan odò.
Mo bá a kà á: ẹẹ́dógún, ẹẹ́rìndínlógún.
Ó pariwo, "Bàbá mi, ìyọkúrò mà nìyẹn!"
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi ò mọ̀wé,
síbẹ̀ ó ń yọ ẹ̀rin kúrò nínú ogún tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Mo ṣí i síwájú, mo bá onígun mẹ́ta kan pàdé,
igun rẹ̀ kan dúró ṣánṣán:
ẹ̀ta lápá kan, ẹ̀rin lápá kejì, àrún ló so wọ́n pọ̀.
Wọ́n ní ará Gíríìsì kan ló ni ọgbọ́n náà.
Ó ga o!
Ọ̀gá mi Ṣówẹ̀mímọ́, tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀,
ní okùn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, kókó mẹ́ta ló wà lára rẹ̀,
òun la fi ń wá igun yàrá
lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta tí àpáta ò jẹ́ kó tẹ́jú.
"Bí okùn yìí bá rọ̀, ògiri ń purọ́ nìyẹn."
Ṣé ará Gíríìsì yẹn náà ń lẹ táìsì ni?

Lẹ́yìn náà ni mo kan x.

Ọjọ́ tí Tíṣà Adéọ̀ṣun kọ ọ́ sójú pátákó fún wa
ni wọ́n wá pè mí síta: bàbá mi já lulẹ̀ lórí àkàbà ní Aké.
Nígbà tí mo padà wá gbé báàgì mi,
wọ́n ti nu pátákó.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyí, n ò mọ iye tí x jẹ́.

Ìlọ́po mẹ́ta x, fi ẹ̀rin kún un, ó di mọ́kàndínlógún.
Mo ní kí n rò ó bíi táìsì:
páálí mẹ́ta, n ò mọ iye ọ̀kan,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lowó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún.
Yọ owó ọkọ̀. Pín ìyókù sọ́nà mẹ́ta.
Mo kọ àrún síbẹ̀, kékeré,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ẹni tó ń jalè.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rí i.
"Bàbá mi, ó gbà o. Ṣùgbọ́n ẹ ò fi ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà hàn,
tíṣà máa yọ máàkì."
Ó fi kílínà pa á rẹ́,
ó ní kí n jókòó.