Gbànja Aláwẹ́ Méjì

Ọjọ́ Ẹtì, mo ti Àgọ́-Ìwòyè délé,
ìwé ọpọlọ nínú báàgì, aṣọ ìdọ̀tí lórí rẹ̀.
Ní Ṣágámù, iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó ń ṣa obì tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ kó ṣà.
"Ẹ ò tíì sùn?"
"Oorun wo? Èmi àti ẹ̀ ti jà tipẹ́."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi di agbọ̀n fún ọkọ̀ Kánò,
àwọn tírélà tó ń gbéra ní Sábó láàárín òru.
Gbànja lẹ́ẹ̀kẹ́, ojú lára agbọ̀n,
kí olè má baà fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún pe ọgọ́rùn-ún.
Ó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ń lọ láìsí i.
Ṣùgbọ́n bí aago bá ti lu méjì,
ojú rẹ̀ a là kedere, bí ẹni pé awakọ̀ fọn fèrè.

Mo gba gbànja kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo là á.
"Ẹ wò ó, awẹ́ méjì.
Báyìí ni ọpọlọ ṣe rí nínú agbárí.
Awẹ́ ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì,
awẹ́ òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn fún wọn?"
Mi ò mọ̀. Ọ̀mọ̀wé Odùsọ̀gà náà ò sọ fún wa.
"Kí ló wá so wọ́n pọ̀?"
"Iṣan ni, ó nà láàárín wọn bí afárá,
kí awẹ́ kan má baà dá ṣòwò láìsọ fún èkejì."
"Bí èmi àti Ṣówèmímọ̀," ó ní, ó sì dákẹ́,
nítorí Ṣówèmímọ̀ dá ṣòwò, ó sì kówó lọ.

Níbi tó ti dákẹ́ sí ni ọ̀bẹ ti gún un níka.
Ọwọ́ ti fò sẹ́yìn kí ẹnu tó ké "yéè!"
"Ẹ rí i? Ọpọlọ kọ́ ló pàṣẹ yẹn.
Ìròyìn dé ọ̀pá ẹ̀yìn, kò dúró gbàwé àṣẹ,
ó ní kí ọwọ́ máa bọ̀.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbọ́ lókè pé ó dunni."
Ó fi ìka sẹ́nu.
"Ọmọọṣẹ́ tó yára ju ọ̀gá."

Mo ṣàlàyé oorun fún un bí mo ṣe lè ṣe é:
láti òwúrọ̀ ni nǹkan kan ti ń kán sínú ọpọlọ,
tó-tó-tó, bí omi òjò sínú garawa;
bó bá pọ̀ tó, á wá àga rẹ̀, á jókòó,
á sọ fún gbogbo ilé pé ó tó, ẹ paná.
Gbànja a dé ṣáájú, a gba àga náà,
a nasẹ̀, kò ní dìde.
Àárẹ̀ a dúró síta bí àlejò tí wọn ò kí.
Kò lọ o, Bàbá. Ó ń dúró ni.

"Kí la tiẹ̀ ń sùn fún?"
"Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ yín ni.
Ọpọlọ a da gbogbo ọjọ́ sílẹ̀ bí obì tuntun,
a bó o, a fi omi ṣàn án,
a ju èyí tí kòkòrò ti jẹ nù,
a fi ewé wé èyí tó dára, a gbé e pamọ́."
Ó wò mí títí. "Ọgbọ̀n ọdún," ó ní,
"obì ẹlòmíì ni mò ń ṣà lóru.
Tèmi wà nínú agbọ̀n, mi ò ṣà á."

Mi ò rí èsì ìyẹn nínú ìwé.

Kò jẹ gbànja náà. Ó kó o lé mi lọ́wọ́
bí ẹni dá ẹrù ẹlẹ́rù padà.
Nígbà tó yá, orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká, tọ́ọ̀ṣì bọ́.
Aago lu méjì. Ojú rẹ̀ kò là.
Lábẹ́ ìpéǹpéjú, ẹyinjú ń sáré sọ́tùn-ún sósì,
apá òun ẹsẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, bí ilé tí wọ́n tì,
kí àlá má baà gbé e dìde lọ sí Sábó.
Bóyá ó ń ka agbọ̀n.
Bóyá Ṣówèmímọ̀ ti dá owó padà.

A kì í fi obì ṣòfò. Mo jẹ awẹ́ kan,
mo jẹ èkejì.
Aago lu mẹ́ta. Ojú mi là kedere.