Ẹrù Igi Lọ́nà Kwálí

Ọdún keje rèé tí mo ti wà lójú kan,
ipele kẹjọ, tábìlì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
níbi tí a ti ń yẹ omi wò ní Gwagwaládà.
Àwọn tí mo kọ́ bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n
ti di ọ̀gá tó ń bi mí pé, "Ṣé o ti ṣe tán?"

Mo bèèrè ọ̀nà. Ta ni n ò bi?
Dírẹ́kítọ̀ ní sùúrù ni,
ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìpápánu lẹ́nu.
Àna mi ní Ìlọrin ní kí n ta ohun tí mo ní,
kí n kọrí sí Kánádà.
Kò sọ ohun tí mo ní.
Bàbá mi pè láti Ìjerò,
ó ní kí n máa bá orí mi sọ̀rọ̀ ní ìdájí.
Mo bá a sọ̀rọ̀. Orí gbọ́.
Orí kì í kúkú fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ní Sátidé kan bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ ní Kwálí.
Màmá Àsábè ni mo ń wá, ará Gbàgyí,
ẹni tó jókòó sí tábìlì kẹta yìí kí n tó dé,
tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá.
N ò bá a nílé.
Ojú ọ̀nà oko ni mo ti pàdé rẹ̀,
ẹni àádọ́rin ọdún,
igi ìdáná lórí èjìká ọ̀tún.
"Gbà díẹ̀," ó ní, kò tilẹ̀ tíì kí mi tán.
Mo ká gèlè mi ṣe òṣùká, mo gbé igi lérí.

Ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Àwa kì í gbé ẹrù lérí níbí.
Orí lọba ara.
Ta ní ń di igi ru ọba?"
Òwe wá sí mi lẹ́nu pé èjìká kì í ga jorí,
mo gbé e mì.

A rìn. Igi ń gún mi léegun.
Kò gbà mí nímọ̀ràn kankan, ìbéèrè ló ń bi:
"Wọ́n wá ka àbọ̀ ìwádìí kànga Yángójì fún wa lójúde.
Ta ló kọ ọ́?"
Èmi ni.
"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀?"
Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo eruku.
Ẹyẹ kan ló dáhùn, èmi kọ́.

"Èmi náà gbé e lérí," ó ní,
"fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.
Wọ́n fún mi ní aago ògiri lọ́jọ́ tí mo ń lọ.
Kò ṣiṣẹ́ rí."

Lọ́jọ́ Ajé mo tẹ àbọ̀ omi Rúbọ̀ṣí,
mo kọ Mọrẹ́nikẹ́ Fátúnàṣẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó jalè.
Dírẹ́kítọ̀ bọ́ awò ojú, ó tún fi í sójú.
"Kí lèyí?"
"Èmi ni mo kọ ọ́, ọ̀gá."
Ó ti pé oṣù méjì, kò tíì fèsì.
Mo ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò Kàdúná.
Ìgbéga kò tíì dé, n ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n lánàá, Nguveren,
àgùnbánirọ̀ wa láti Gbókò,
dúró tì mí, ó di fáìlì mọ́ àyà:
"Àǹtí, kí ni kí n ṣe tí n ò fi ní pẹ́ lójú kan?"
Mo la ẹnu. Sùúrù ti fẹ́ jáde,
mo rántí ìpápánu.
Mo ní, "Omi Kùjẹ́ tí o yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá,
mú àbọ̀ rẹ̀ wá kí n rí i."
Ó mú un wá.
Mo ṣí i dé ojú ewé tó kẹ́yìn.
Orúkọ mi ló kọ síbẹ̀.

Mo mú bírò. Mo fa ilà gba orí rẹ̀ kọjá.
Èjìká ọ̀tún ṣì ń dùn mí.
Mo ní kó kọ tirẹ̀.