Àtẹ̀gùn Kọkànlá

Kí oòrùn tó yọ ní àfonífojì Varlieu,
Honorine ti mú ìgbálẹ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta.
Mẹ́rìndínlógún ni àtẹ̀gùn. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ eyín ẹnu ara rẹ̀.
Kọkànlá ló jin jù láàárín,
ó gba omi òjò dúró bí àwo ọbẹ̀.

“Kí ló jẹ òkúta báyìí?” Àlejò kan ló bi í lánàá,
ọkùnrin tó sanwó ọjọ́ mẹ́ta kó lè sùn
níbi tí àwọn ẹni ìṣáájú ti sùn lórí koríko lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹsẹ̀ ni, ó ní. Ẹsẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ Aubrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀,
ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé tí kò nìkan gbé rárá:
ogójì ọkùnrin nínú yàrá kan, ogójì ni wọ́n ń han run.
Agogo á lù lóru dúdú, wọ́n á dìde,
oorun ṣì lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú,
wọ́n á máa ta gìrì lọ kọ Sáàmù nínú òtútù.

Àṣẹ kan ti Páríìsì dé.
Wọ́n ta ilé Ọlọ́run bí ẹní ta ìgò òfìfo.
Thévenin olówùú ló rà á;
ó ta agogo níye ìwọ̀n rẹ̀, ó ṣí òjé orí òrùlé tà,
ó gbé ẹ̀rọ ìrànwú ka ibi tí pẹpẹ wà.
Àwọn ọmọdé ló wá ń sáré sọ̀ kalẹ̀,
òwú nínú irun, ẹsẹ̀ lásán.
Perrine, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi ìka méjì sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ.
Kò sí ìwé tó kọ ọ́. Ìyá ìyá Honorine ló máa ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n.
Ògiri tó ń sé ayé mọ́ta wá ń sé ènìyàn mọ́lé.
Ògiri ò yí padà o, kọ́kọ́rọ́ ló yí ọwọ́.

Nígbà ogun, wọ́n gbé àwọn tó gbọgbẹ́ gba ibí kọjá.
Kòtò kọkànlá kún. Wọ́n fọ̀ ọ́.
Lẹ́yìn ogun, ewúrẹ́. Lẹ́yìn ewúrẹ́,
ọ̀dùnkún bàbá Honorine, àpò lórí àpò.

Báyìí, aṣọ ìnura funfun, ọṣẹ olóòórùn dídùn,
àkọlé lẹ́nu ọ̀nà: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Dákẹ́.
Wọ́n ń ti ìlú ńlá wá ra ìdákẹ́jẹ́
tí Aubrin jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí Perrine ò rí,
tí ẹlẹ́wọ̀n fi orí gbá ògiri nítorí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí Zeferino, bíríkìlà ará Pọtogí,
yọ òkúta kọkànlá, kí àlejò má baà yọ̀ ṣubú.
Ó yí i padà. Lẹ́tà wà ní abẹ́ rẹ̀:
òkúta sàréè ni, ààbọ̀ orúkọ kan, ọrùn àgbélébùú.
Ó wo Honorine. Honorine wò ó.
Ó dà á bolẹ̀ bó ṣe wà, ó ní símẹ́ńtì ti tán.

Honorine gbá omi kúrò nínú kòtò.
Kó tó dé kẹtàlá, ó ti tún ń kán:
láti ọjọ́ tí Thévenin ti ta òjé,
kò tíì sẹ́ni tó dí ihò yẹn tán.